Ohun Ìyanu Inú Orí: Àgádágodo àti Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ iná dáadáa. Ẹ fa àpótí yín wá. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, ti fóònù yẹn bọ àpò. Ẹ ò ní gbọ́ ti ìjàpá lálẹ́ òní, n kò sì ní sọ ti ọdẹ tó bá iwin pàdé nínú igbó. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju iwin lọ, nítorí pé inú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ló wà níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Iṣẹ́ oògùn ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé rí nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ wò fínnífínní. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ tẹ́tí.

Ara òdòdó kan ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Pópì ni wọ́n ń pè é. A kì í gbìn ín nílẹ̀ wa níbí. Túúkì, Índíà àti Afganísítánì wà lára ibi tó ti gbilẹ̀. Bí òdòdó náà bá rẹ̀ dànù, èso róbótó kan á ṣẹ́kù lórí igi rẹ̀. Bí wọ́n bá fi abẹ sín èso náà ní gbẹ́rẹ́, oje funfun á sun jáde, á dì, á sì pọ́n rúsúrúsú. Oje yẹn ni ópíọ̀mù. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí ọmọ aráyé ti ń fi pa ìrora, tí wọ́n ń fi dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, tí wọ́n sì ń fi wá oorun.

Ní nǹkan bí ọdún 1805, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn nílùú Paderborn, ní Jámánì, Friedrich Sertürner, wá agbára inú oje yẹn dé ìdí. Ó yọ nǹkan funfun kan jáde nínú rẹ̀: mọ́fíìnì nìyẹn. Nígbà tó yá, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan gbé e mì láti fi dán an wò. Oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ! Ọtí kíkan ni wọ́n sáré mu kí wọ́n lè bì í. Lọ́dún 1817 ó kọ ọ́ sínú ìwé kí gbogbo ayé kà á. Lọ́dún 1898, ilé iṣẹ́ Bayer, ní Jámánì kan náà, gbé ọmọ mọ́fíìnì jáde sọ́jà, wọ́n ní oògùn ikọ́ ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni hẹróìnì. Ẹ ò rí i pé ayé ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ ìyanu àkọ́kọ́. Miligíráàmù mẹ́wàá mọ́fíìnì kò tó iyọ̀ tí ènìyàn fi ìka méjì bù. Síbẹ̀, fi gún ẹni tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ ní abẹ́rẹ́, igbe á dáwọ́ dúró. Báwo ni ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń kápá ìrora ńlá? Àwọn onímọ̀ ní àfi kó jẹ́ pé àgádágodo kan wà nínú ara tí mọ́fíìnì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nǹkan kan ló mú wọn fura. Wọ́n lè ṣe irú oògùn yìí ní ọ̀nà méjì, tọ̀tún tòsì. Èròjà inú wọn kò yàtọ̀, ìtò wọn ló dojú kọra. Ọ̀kan á pa ìrora, èkejì kò ní pa á rárá. Ohun tó ní ihò tí wọ́n gbẹ́ ní ìwọ̀n nìkan ló lè mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá rí àgádágodo náà? Ọmọbìnrin kan ni, Candace Pert, ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni nígbà náà, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Solomon Snyder. Mọ́fíìnì kò ṣàjèjì sí i: ẹṣin ti gbé e ṣubú rí, ẹ̀yìn rẹ̀ dá, mọ́fíìnì ni wọ́n sì fi tù ú lára lọ́sibítù. Ó mú naloxone, oògùn kan tó máa ń lé mọ́fíìnì kúrò lójú iṣẹ́. Ó fi ìtànṣán sàmì sí i kó lè mọ ibi tó bá sá sí. Ó lọ ọpọlọ ẹranko kúnná, ó da oògùn náà sí i, ó ṣan èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn dànù, ó wá ka ohun tó ṣẹ́kù. Oògùn kò lọ! Ó ti bọ́ sínú ihò tirẹ̀, ó dì í mú. Oṣù kẹta ọdún 1973 ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ tẹ ìròyìn náà jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, Eric Simon ní New York àti Lars Terenius ní Uppsala, ní Sweden, rí ohun kan náà, oníkálukú lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń pín ẹ̀bùn ńlá Lasker lọ́dún 1978, wọ́n dárúkọ ọ̀gá, wọn ò dárúkọ ọmọ iṣẹ́. Candace kò gbà, ariwo sì ta.

Rìsẹ́pítọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pe àgádágodo náà. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ nínú wọn, lẹ́tà àwọn Gíríìkì ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ: mu, delta, kappa. Mu ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí.

Kí ni Àdùkẹ́ wí? Ó ní, “Bàbá, ẹ ní wọn kì í gbin òdòdó náà níbí. Ta ló wá fi àgádágodo rẹ̀ sínú orí ọmọ Ìbàdàn?”

Ẹ ṣe sàdáńkátà fún un! Ìbéèrè tó ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú nígbà náà gan-an nìyẹn. Ọlọ́run kò ní dá àgádágodo sínú ènìyàn nítorí òdòdó kan lásán. Ẹni tó bá rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn, kó yáa mọ̀ pé onílé ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní Aberdeen, ní Scotland, ni wọ́n ti wá kọ́kọ́rọ́ onílé náà rí. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, Hans Kosterlitz, tó ti sá kúrò ní Jámánì nígbà ìjọba Hitler. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John Hughes, ló jọ dáwọ́ lé e. Ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Hughes ń lọ gbà lówọ́ àwọn alápatà ní odò ẹran. Wọ́n ní àwọn yẹn ò fẹ́ dá a lóhùn, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igo wisikí lọ bá wọn.

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n gbé ìfun ẹmọ́ òyìnbó kọ́, wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ mú un sún kì. Bí mọ́fíìnì bá kàn án, ìsúnkì náà á rọlẹ̀. Wọ́n wá da oje tí wọ́n yọ nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Ó rọlẹ̀! Wọ́n da naloxone tẹ̀ lé e, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́fíìnì kankan kò sí nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ló dá tirẹ̀ ṣe. Lọ́dún 1975 wọ́n kéde orúkọ rẹ̀: enkephalin, nǹkan kíún tí kò ju amino acid márùn-ún tí wọ́n so pọ̀ lọ. Ní ọdún kejì, Choh Hao Li, ní California, fi hàn pé òmíràn tó lágbára púpọ̀ wà nínú kókó kékeré tó so mọ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ ràkúnmí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní endorphin. Ẹlẹ́dẹ̀ ní in, ràkúnmí ní in, èmi àti ẹ̀yin náà ní in.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ eré bọ́ọ̀lù bá farapa tí kò mọ̀ títí eré fi parí, ara rẹ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ara aboyún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ń rọbí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tí wọ́n fa eyín wọn ní San Francisco. Lọ́dún 1978, Jon Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí lára wọn. Wọ́n fún wọn ní oògùn ẹ̀tàn, tí kò ní agbára kankan nínú. Ara tu àwọn kan nínú wọn, nítorí wọ́n gbà gbọ́ pé oògùn ni. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní naloxone, ìrora padà dé. Ìgbàgbọ́ wọn ló ti mú kí ara tú kọ́kọ́rọ́ onílé jáde!

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ o, ẹ ní ṣé ó dá mi lójú pé mu ni ọ̀gá. Ẹ lọ bi àwọn eku Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1996, Brigitte Kieffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí irú eku kan tí wọ́n ti yọ àbùdá àgádágodo mu kúrò lára rẹ̀ láti inú ìyá. Wọ́n gún eku náà ní mọ́fíìnì, ìrora kò lọ. Wọ́n tún un gún, adùn kankan kò sí níbẹ̀ fún un. Wọ́n gún un fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n dá a dúró lójijì. Ara kò ro ó, kò gbọ̀n. Ẹ rí i pé àgádágodo tó ń gbani lọ́wọ́ ìrora náà ló ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé.

Ibi tí bárakú ti ń wá gan-an nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Àgádágodo mu wà níbi mẹ́rin tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó wà lọ́nà tí ìrora ń gbà gòkè láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni oògùn ti ń pa ìrora. Ó wà nínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo oògùn wọ̀nyí kì í fi rí ìgbẹ́ yà bọ̀rọ̀. Loperamide tí wọ́n ń tà fún ìgbẹ́ gbuuru, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ìfun yìí ni. Bí a bá lò ó níwọ̀n, kì í ráyè wọnú ọpọlọ. Mu tún wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí àṣẹ mímí ti ń wá. Ìkẹrin rẹ̀ wà níbi tí adùn ń gbé. Níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń di dópámíìnì lọ́wọ́ mú kó má tú jáde jù. Mọ́fíìnì á ti àwọn yẹn sẹ́yìn, dópámíìnì á sì tú yàà. Ẹ mọ iṣẹ́ dópámíìnì? Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé: “Èyí dára. Rántí rẹ̀. Tún un ṣe.” Iyán gbígbóná ń mú díẹ̀ jáde, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ń mú díẹ̀ jáde. Èyí tí oògùn ń mú jáde kọjá ìwọ̀n tí ara mọ̀.

Ara kì í sì í gbà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹnì kan bá ń fi kọ́kọ́rọ́ tó rà lọ́jà ṣí i lójoojúmọ́, ara á dá ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn àgádágodo kan á le, òmíràn á sá wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí oògùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ á fi kún agbára wọn kí iṣẹ́ má baà dúró. Hóró kan kò ní ràn án mọ́, á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ọjọ́ tí oògùn kò bá wá sí, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ti kó jọ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí aró. Òun ló ń jí ara, òun ló ń mú ọkàn sáré. Oògùn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á wá bú sókè. Ẹni náà á máa yán, omi á máa bọ́ lójú àti nímú rẹ̀, irun ara rẹ̀ á dìde, inú á máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á dé, eegun á máa ro ó, oorun á kọ̀ ọ́. Ti hẹróìnì lè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́ sí i, á le jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, á sì máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìpòǹgbẹ rẹ̀ lè bá a fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, adùn ló ń wá. Nígbà tó yá, kí ara má baà ro ó ló ń lò ó fún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Oògùn ikọ́ tó ní kòdíìnì tí àwọn ọmọ ń dà pọ̀ mọ́ mínírà lóde àríyá, ẹ̀dọ̀ inú wa ń sọ apá kan rẹ̀ di mọ́fíìnì. Trámádọ̀lù náà, ẹ̀dọ̀ ló ń gbẹ́ ẹ di kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo mu yẹn mu wẹ́kú. Dókítà á fúnni ní 50 tàbí 100 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ ọjọ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ. Ní gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà àti alábàárù ń gbé hóró 225 mì kí ó má baà rẹ̀ wọ́n. Ó lè di gìrì mọ́ ènìyàn lára níbi tó bá pọ̀ lápọ̀jù. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ kòdíìnì àti kíkó o wọlé. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ṣe, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo irú oògùn ópíọ̀mù yìí láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó.

Kí ni? “Kí ló dé tí wọn ò kàn jáwọ́?” Ọmọ mi, o ò gbọ́ ohun tí mo sọ nípa kókó aláwọ̀ aró? Ìfẹ́ inú wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ènìyàn ní agbára jù láti sọ pé rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọpọlọ tí ì bá fi sọ pé rárá ni oògùn ti yí padà. Ẹgba kò lè tún un ṣe.

Ikú rẹ̀ kì í pariwo. Àgádágodo ibi mímí ni oògùn àpọ̀jù ń ṣí, àṣẹ mímí á sì rọlẹ̀; ẹni náà á sùn, ètè rẹ̀ á ṣú, èémí rẹ̀ á jìnnà síra, á sì dákẹ́. Bí wọ́n bá fi ọtí tàbí oògùn oorun kún un, ó tún burú jù. Ibẹ̀ ni naloxone, oògùn tí Candace lò, ti di agbẹ̀mílà. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí nǹkan kan ni. Á ti mọ́fíìnì jáde, á jókòó síbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹni tó ti ń lọ á mí kanlẹ̀. Kì í pẹ́ lára, nítorí náà ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ dandan. Ẹ sì gbọ́ èyí: ẹni tó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgádágodo rẹ̀ ti ń padà sípò. Bó bá lo ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè pa á.

Ǹjẹ́ ó ní ìwòsàn? Ó ní. Vincent Dole àti Marie Nyswander fi hàn ní New York lọ́dún 1965 pé methadone, kọ́kọ́rọ́ tó ń wọlé jẹ́jẹ́ tó sì ń pẹ́ níbẹ̀, lè mú kí ènìyàn sùn, kó jí, kó lọ síbi iṣẹ́. Buprenorphine tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì péré. Ẹ tún wo ti ogun Vietnam. Lọ́dún 1971, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ ni hẹróìnì ti di bárakú fún. Ẹ̀rù ba ìjọba wọn. Olùwádìí kan, Lee Robins, tẹ̀ lé wọn dé ilé. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ti di bárakú fún lójú ogun, nǹkan bí márùn-ún ló tún padà sínú bárakú ní ọdún àkọ́kọ́. Ibùgbé yí padà, ọ̀rẹ́ yí padà, ohun tó ń rán ọpọlọ létí kò sí nítòsí mọ́. Ẹni tó gba ìwòsàn tó tún padà sídìí ibùba àná, iṣẹ́ oníṣègùn ló ń tú.

Ní tiwa, ilé tó bá bá ọmọ nínú èyí a máa ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Wọ́n á dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n á fi pàṣán kí i. Mo ti sọ fún yín ohun tó wà nínú orí yẹn. Pàṣán kò lè dé ibẹ̀. Ọsibítù Àrò wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó. Iṣẹ́ wọn ni. Ẹ má sì tìtorí ìtàn mi sá fún oògùn dókítà: ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde ń jà lára, tàbí ẹni tí jẹjẹrẹ mú, mọ́fíìnì tí dókítà wọ̀n fún un jẹ́ àánú Ọlọ́run.

Bí ẹnikẹ́ni bá na hóró sí yín ní gáréèjì, nílé ìwé tàbí níbi àríyá, tó ní “gbé e mì, agbára ni,” ẹ kọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ẹni tó ti wọ̀ ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀sín, ẹ wá sọ fún mi lọ́la, kí a tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wò ó. Aláìsàn ni. Ìwòsàn ló sì yẹ ẹ́.